Bẹ́ẹ̀dì Keje Kò Gbọdọ̀ Rí I

…tí ó bá sì bèèrè, kí a sọ fún un pé kó sinmi.

6. Kí a má ṣe jẹ́ kó rí òkú ọmọ náà. Kí a má sọ fún un bóyá akọ ni tàbí abo. Èyí yóò jẹ́ kó tètè gbàgbé.

7. Kí a fi aṣọ di ọmú rẹ̀ kí omi ọmú tó dé.

8. Bí ẹkún rẹ̀ bá ń da àwọn abiyamọ yòókù láàmú, kí a rán an létí pé omi ló dànù, agbè ò fọ́.

9. Kí a ṣe gbogbo èyí tìfẹ́tìfẹ́.

*Métírọ́ọ̀nù Mabel, Ilé Ìgbẹ̀bí Ìtura, Súrùlérè.*

(Ọdún 1971 ni wọ́n lẹ ìlànà yìí mọ́ ògiri. Ọdún 1976 la wà yìí. Aáyán ti jẹ nọ́ńbà kìíní dé ìkarùn-ún. Kò sẹ́ni tó wá wọn.)

II

Saidat, agbẹ̀bí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ọmọ Muṣin. Oṣù mẹ́ta péré ló dé ibi iṣẹ́.

Nílé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ibi ọmọ wò. Bí wọ́n ṣe ń bá ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sọ̀rọ̀, ìdajì ojú ewé ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ wọn, òjò ṣú. Olùkọ́ tètè lọ sílé kí òjò má baà ká a mọ́ ọ̀nà.

III

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà àárọ̀. Abọ́sẹ̀dé, aránṣọ ní Ọ̀yìngbò, bímọ sọ́wọ́ Saidat.

Ọmọ náà kò ké.

Saidat fa omi imú rẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Ó gbá a lẹ́sẹ̀. Dókítà Oyèwọlé wọlé, ó wo ọmọ, ó wo aago, ó ní, "Ó tó."

Wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Wọ́n gbé e sínú páálí mílíìkì alágolo. Wọ́n gbé páálí náà sí yàrá tí wọ́n ti ń fọ póò. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Yẹ̀kínnì, agbálẹ̀, máa ń wá gbé irú páálí bẹ́ẹ̀ lọ. Ibo ló ń gbé e lọ? Kò sí nínú ìwé.

Bẹ́ẹ̀dì keje ni wọ́n gbé Abọ́sẹ̀dé sí. Bẹ́ẹ̀dì kẹfà ń fọ́mọ lọ́mú. Bẹ́ẹ̀dì kẹjọ bí ìbejì.

Ilé ìgbẹ̀bí wa kì í ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀.

IV

OHUN TÍ ABỌ́SẸ̀DÉ KÓ WÁ

Bésìnnì ìwẹ̀ ọmọ, ọ̀kan.
Àdí, ìgò kan.
Nápíìnnì, méjìlá.
Fìlà olówùú, àwọ̀ yẹ́lò, torí kò tíì mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo.
Ọ̀já, ọ̀kan, tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ló fi máṣíìnì rán etí rẹ̀.

OHUN TÍ A BÁ A LÒ NÍNÚ RẸ̀

Ọ̀já. Bándéèjì ti tán. Òun ni Saidat fi dì í lọ́mú, ó sì fún un le, bí Métírọ́ọ̀nù ṣe ní kó ṣe é.

Níbí, nǹkan kì í ṣòfò.

V

IYE ÌGBÀ TÍ WỌ́N SỌ PÉ OMI LÓ DÀNÙ, AGBÈ Ò FỌ́
(láti aago méje sí mọ́kànlá)

Métírọ́ọ̀nù Mabel: ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó gbé tíì wá, ó sì fi ṣúgà mẹ́ta sí i dípò méjì.
Dókítà: ẹ̀ẹ̀kan, láti ẹnu ọ̀nà.
Obìnrin tó ń nulẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní kí Abọ́sẹ̀dé gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀.
Bẹ́ẹ̀dì kẹfà: ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló fi ìró bo ọmọ tirẹ̀ lórí.
Agbè fúnra rẹ̀: kò sọ nǹkan kan.

VI

Aago mọ́kànlá. Ọ̀ṣẹ́nì, akọ̀wé tó ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, ọkùnrin ọlọ́yàyà. Láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì ló máa ń lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Ìyá ìkókó! Ẹ kú ewu o! Ẹ kú ọwọ́ lómi! Kí la bí?

ABỌ́SẸ̀DÉ: Ẹ bá mi bi wọ́n.

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Hẹn?

ABỌ́SẸ̀DÉ: Ẹ bá mi bi wọ́n. Èmi ni mo bí i, àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

SAIDAT: Bọ̀ọ̀dá Ọ̀ṣẹ́nì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ níbí.

Ọ̀ṢẸ́NÌ: *(ó rí ọ̀já láyà rẹ̀)* Áà. Ẹ má bínú, àǹtí mi. Omi ló…

ABỌ́SẸ̀DÉ: Ẹ má sọ ọ́.

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Mi ò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ nǹkan síbí, Sísítà. Akọ tàbí abo. Ọ́fíìsì ò gba àlàfo.

SAIDAT: *(ó bojú wo ẹnu ọ̀nà bóyá Métírọ́ọ̀nù ń bọ̀)*

BẸ́Ẹ̀DÌ KẸJỌ: Ẹ sọ fún un, jàre! Kí lẹ fi ń pa mọ́? Àbí ìdánwò ni?

SAIDAT: Abo ni.

ABỌ́SẸ̀DÉ: Ibo ló wà?

VII

Ìdáhùn tí ìlànà fọwọ́ sí: *Ẹ sinmi.*

VIII

Kọ́rídọ̀. Túbọ̀sún, ọkọ Abọ́sẹ̀dé, wọ kakí iṣẹ́ rélùwéè. Ìyá rẹ̀ tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ dúró tì í.

DÓKÍTÀ: Ẹ mọ́kàn le. Ọmọdé lẹ ṣì jẹ́. Tó bá di oṣù mẹ́ta, ẹ tún gbìyànjú.

TÚBỌ̀SÚN: Kí ló pa á, sà?

DÓKÍTÀ: Irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀.

TÚBỌ̀SÚN: Ṣé mo lè rí i?

ÌYÁ RẸ̀: Túbọ̀sún! Èèwọ̀! Òbí kì í rí òkú ọmọ. Kì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ṣé o ò fẹ́ kí èyí tó ń bọ̀ dúró ni?

DÓKÍTÀ: Ẹ ṣeun, Màmá. Ohun tí àwa náà ń sọ nìyẹn.

(Láàárọ̀, Dókítà àti Màmá ti jà lórí àgbo tí Màmá gbé wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnu wọn kò nìyí. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ.)

IX

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Yàrá tí wọ́n ti ń fọ póò. Bàbá Yẹ̀kínnì tètè dé, ó bá Saidat tó gbé páálí náà dání.

YẸ̀KÍNNÌ: Sísítà, ẹ gbé e sílẹ̀. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn.

SAIDAT: Bàbá, ìyá ẹ̀ fẹ́ rí i.

YẸ̀KÍNNÌ: Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé wọn. Gbogbo ìyá wọn ló fẹ́ rí wọn.

SAIDAT: Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?

YẸ̀KÍNNÌ: Ta ló bi agbálẹ̀ ní nǹkan?

SAIDAT: Kí lẹ máa ń ṣe fún wọn?

YẸ̀KÍNNÌ: Mo máa ń ṣí fìlà. Màá ní, "Ó dàbọ̀ o, àlejò." Màá wá gbẹ́ ilẹ̀ jìn dáadáa, torí ajá. Ẹ má sunkún. Ẹ ò ka nọ́ńbà kẹjọ ni?

SAIDAT: Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Bàbá.

YẸ̀KÍNNÌ: Èmi? Mi ò rí yín. Omi ni mo fẹ́ lọ mu. Àgbàlagbà kì í sì í sáré mu omi.

X

Saidat gbé ọmọ náà, ó fi páálí sílẹ̀.

Kò gbé e bí ẹrù. Ó gbé e bí ọmọ, ó fi ìgúnpá gbé orí rẹ̀ ró.

Kọ́tìnnì bẹ́ẹ̀dì keje ti ya tipẹ́. Ìyá ìbejì dìde ní bẹ́ẹ̀dì kẹjọ, ó tú ìró rẹ̀, ó ku yẹ̀rì nídìí ẹ̀, ó na ìró náà bí ẹni tó ń sá aṣọ, ó yíjú sí ògiri.

Lẹ́yìn náà, bàtà Métírọ́ọ̀nù ní kọ́rídọ̀. *Kò. Kò. Kò. Kò.*

XI

KÚÉRÌ

Sí: Nọ́ọ̀sì Saidat. Láti ọ̀dọ̀: Métírọ́ọ̀nù.
Kí o dáhùn kí aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la tó lù. Ìdáhùn rẹ ló máa sọ bóyá iṣẹ́ rẹ yóò bọ́.

*(a) Ṣé lóòótọ́ lo gbé òkú wọ wọ́ọ̀dù?*

Ọmọ ni mo gbé, mà.

*(b) Kí ni ìyá náà ṣe?*

~~Ó sunkún.~~
~~Kò sunkún.~~
Ó ní kí n bá òun tú aṣọ ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó ka ìka ẹsẹ̀. Mẹ́wàá. Ó tún un kà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára irun rẹ̀, ó fitọ́ sí etí ìró, ó fi nù ún.

*(d) Ta ló fún ọ láṣẹ?*

~~Kò sẹ́ni.~~
~~Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni mò ń tọ́ àwọn àbúrò mi.~~

*(e) Ṣé ọkọ rẹ̀ náà rí i?*

Ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ di apá kakí rẹ̀ mú. Abọ́sẹ̀dé gbójú sókè, ó ní, "Ẹ wá wò ó. Ó jọ yín." Màmá ní, "Túbọ̀sún." Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi pè é, kò pariwo.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wọ wọ́ọ̀dù. Ẹsẹ̀ kejì ni mò ń wò nígbà tí ẹ pè mí, mà.