Idà Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Àgbà

Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Òwe yìí ni mo ń pa fún ara mi láràárọ̀ nínú bọ́ọ̀sì láti Hyattsville lọ sí Laurel, níbi tí mo ti ń kẹ́rù ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Baba mi ò kú o. Idà gan-an ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ ló sì gbà á.

Nọ́fíù lorúkọ mi. Bàbá tó bí bàbá mi rọ ọkọ́ àti àdá n'Ìbàdàn títí èéfín fi ba ojú rẹ̀ jẹ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè nawọ́ sí irin kan lónìí kó ní òun ló rọ ọ́. Nígbà tí mo dé Mẹ́rílándì, mo kà á nínú ìwé kan ní láíbúrárì pé àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Jàpáànù àtijọ́ a máa gbẹ́ orúkọ wọn sí ìdí idà, ibi tó wọnú èkù tí ojú kì í rí. Alágbẹ̀dẹ á kú, orúkọ rẹ̀ á ṣì máa bẹ lára irin. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní èmi náà á ra ọ̀kan, ògbólógbòó gidi, tó ní orúkọ ẹni tó rọ ọ́.

Owó mi ò tó nǹkan, nítorí náà ìwé kíkà ni mo fi dípò owó. Mo kọ́ pé irin lèèyàn ń rà, kì í ṣe àkọ̀. Mo kọ́ pé ìpáàrà dúdú tó bo ìdí idà ni ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀, ẹni tó bá sì ha á kúrò ti ba idà náà jẹ́ pátápátá. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń rò fún Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀. Á máa mi orí, kò sì ní gbọ́ ìdajì.

Agboolé kan náà ni wá. Òun ló wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tí mo dé, mi ò jiyàn ìyẹn. Akáǹtáǹtì ni, ilé rẹ̀ wà ní Camp Springs, ohun tó bá sì ń dán ló máa ń fẹ́ràn: bàtà tó ń dán, ago ọwọ́ tó ń dán, ọkọ̀ tí wọ́n ń fọ̀ ní gbogbo Sátidé bí ẹni ń wẹ ọmọ.

Òun náà ló fi ọkọ̀ yẹn gbé mi lọ sílé ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Anna, tó ń ta ẹrù ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Idà kan wà níbẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ mú bọ̀ láti ojú ogun Jàpáànù. Mo yọ èkù rẹ̀. Ìdí rẹ̀ dúdú, lẹ́tà Jàpáànù méjì sì wà lábẹ́ ìpáàrà, orúkọ ẹni tó rọ ọ́. Mo ná an, ìyá náà gbà. Mo wá bẹ Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ pé kó bá mi dúró tì í kí n sáré gba owó ní báńkì. Nígbà tí mo fi padà, idà ti wà nínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀. Ó ti sanwó.

"Má bínú, àbúrò," ó ní. "Ó kàn wọ̀ mí lójú ni. Àbí o fẹ́ bá àgbà du nǹkan ni?"

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, èsì kan ṣoṣo ni ìbéèrè yẹn ní. "Rárá, sà," mo ní.

Mo lè dárí ìyẹn jì í. Ohun tí mi ò lè dárí rẹ̀ jì í ni ti oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tó ní kí n wá jẹun nílé òun. Bridget, ìyàwó rẹ̀, gbé ìrẹsì síwájú mi, ọkọ rẹ̀ sì gbé idà náà jáde. Ó ti fi sáńpépà ha ìdí rẹ̀, ó wá fi kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ bọ́ńpà ọkọ̀ nù ún, ó ń dán bíi ṣíbí tuntun. Orúkọ alágbẹ̀dẹ náà ti lọ. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wa wà láyé, Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ sì pa á rẹ́ lọ́sàn-án Sátidé kan, ó tún ń rẹ́rìn-ín pé kí n wo bó ṣe mọ́. Mi ò jẹ ìrẹsì náà. Ibẹ̀ ni mo ti búra pé màá san án fún un.

Ọdún kan ni mo fi dúró. Ní 2007, wọ́n kéde gbàǹjo kan létí Route 1, wọ́n sì ní kí àwọn tó fẹ́ rajà wá yẹ ẹrù wò. Idà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà nínú àkọ̀ dúdú tí wọ́n ya drágónì aláwọ̀ wúrà sí. Mo yọ èkù rẹ̀: ìpáàrà rẹ̀ pupa, ó ń kun ọwọ́, ásíìdì ni wọ́n sì fi ya ilà funfun tó wà lẹ́bàá ojú rẹ̀, èyí tó yẹ kó jẹ́ iná àgbẹ̀dẹ ló fà á. Ọmọ àná ni, wọ́n kàn kun ún kó lè dà bí àgbà ni. Ìkejì wà nínú àkọ̀ igi lásán tó ti là. Ìdí tirẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó jọ̀lọ̀, orúkọ sì wà níbẹ̀.

Mo tẹ Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ láago pé idà kan ti gba oorun lójú mi. Mi ò sọ èwo. Mo mọ̀ pé á wá, mo sì mọ̀ pé ojú mi ló máa máa wò. Nígbà tó dé, mo mú idà alákọ̀ igi, mo pòṣé, mo jù ú sílẹ̀. Mo wá gbé ti drágónì bí ẹni gbé ọmọ tuntun, mo mí kanlẹ̀. Kíá ló ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ó béèrè bóyá ògbólógbòó ni. Mo ní kí òun náà wo bó ṣe ń dán.

"Eléyìí wù mí, Nọ́fíù," ó ní. "Má bá mi du ú o."

Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́jọ́ gbàǹjo, ẹgbẹ̀rin dọ́là ló wà lápò mi, gbogbo ohun tí mo ní láyé. Wọ́n gbé drágónì jáde. Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ nawọ́, èmi náà nawọ́. Ó yíjú wò mí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ bú. Ó fi kún un, mo fi kún un. A kọjá ẹgbẹ̀rin, mi ò dúró. Tó bá fi í sílẹ̀ fún mi báyìí, mo gbé, idà irọ́ tí mi ò lè san owó rẹ̀ ló máa jókòó sí mi lọ́rùn. Mo pe ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá. Kò nawọ́ mọ́. Ọkùnrin tó ń lu gbàǹjo gbé òòlù sókè. Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ sì ké pé ẹgbàá.

Mo dìde, mo tẹríba lójú gbogbo èèyàn. "Ẹ̀yin ni àgbà, sà," mo ní. "Ẹ máa mú un."

Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Inú tèmi dùn ju tirẹ̀ lọ.

Wọ́n gbé idà alákọ̀ igi jáde. Mo rò pé èmi nìkan ni mo fẹ́ ẹ, àfi bí Ethan, òyìnbó kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ tà, ṣe ń bá mi nawọ́. Mo dé orí ẹgbẹ̀rin. Ó fi àádọ́ta kún un. Ó tán. Gbogbo ìwé tí mo kà, gbogbo ẹ̀tàn tí mo tàn, ó tán síbẹ̀.

Ẹnì kan ki owó bọ̀ mí lọ́wọ́ láti ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ ni. "Fi kún un, jàre," ó rọra sọ. "Àbúrò tó mọ àgbà kì í jìyà."

Ọwọ́ mi ti lọ sókè kí n tó ronú. Ethan mi orí, ó jókòó. Bí mo ṣe di onídà nìyẹn.

Owó yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Ìgbà tí mo bá yọ idà náà láti ka orúkọ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ á wá sí mi lọ́kàn, inú á sì bí mi. Bí mo ṣe gbowó oṣù, mo mú tirẹ̀ lọ sí Camp Springs. Drágónì ti wà lára ògiri pálọ̀. Mo gbé owó sórí tábìlì, ó tì í padà sọ́dọ̀ mi, ó ní àgbà kì í gba irú owó bẹ́ẹ̀.

"Mo rí i pé ìdí tìẹ ti dógùn-ún," ó ní. "Jẹ́ kí n bá ẹ fọ̀ ọ́ ní Sátidé. Mo ti fọ tèmi, ó clean gan-an. Wàá mú un wá, àbí?"

"Rárá, sà," mo ní.

Ó rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Mo tún un sọ, gbogbo rẹ̀ sì tú jáde lẹ́nu mi: ohun tí ìpáàrà jẹ́, tí mo ti ń sọ fún un láti ọjọ́ pípẹ́, orúkọ alágbẹ̀dẹ tó pa rẹ́ lára idà ìyá Anna, ohun tí drágónì orí ògiri rẹ̀ jẹ́. Bridget dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"O mọ̀ lọ́jọ́ yẹn?" Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ béèrè.

"Mo mọ̀, sà."

"Nígbà tí mo fún ẹ lówó ńkọ́?"

"Mo mọ̀."

Ó yíjú wo drágónì tó wà lára ògiri. Mo ti ń dúró de ojú yẹn láti ọdún kan, mo sì wò ó tẹ́rùn. Ó wá nawọ́ mú owó tó wà lórí tábìlì, ó fi í sápò. Ó rìn lọ ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

"Ẹ ṣé," ó ní. "Ẹ máa lọ."

Láti kékeré mi nínú agboolé wa, ọkùnrin yìí ò tíì pè mí ní "ẹ" rí.