Sísanra Kọ́ Ni Sísan Ara

"Ẹ fi àtàǹpàkò yín tẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín," ni Dókítà Adébùkọ́lá wí.

Haneefah bẹ̀rẹ̀ lórí àga, ó tẹ ojúgun rẹ̀. Nígbà tó mú ìka kúrò, ojú ibẹ̀ kò padà. Ó dá kòtò síbẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù tí èèyàn tẹ̀. Kí ó tó nàró tán, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ ò lo oògùn tó ń mú yín tọ̀ yẹn mọ́."

"Mò ń lò ó, mà."

"Mọ́mì."

Haneefah wo ilẹ̀. "Mo ti pa á tì láti ìgbà tí a ti ṣe fídáù àbúrò mi. Mùílì. Iṣẹ́ awọ ló ń ṣe ní Ọ̀yọ́. Àìsàn ọkàn yìí náà ló pa á. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, ó wá gbẹ títí ó fi dà bí igi ìdáná. Èmi ò gbẹ, mà. Gbogbo ẹni tó bá yà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Takie ló ń sọ pé mo ti sanra."

"Omi ni wọ́n ń rí." Dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Àìsàn kan náà ni, ṣùgbọ́n ọkàn méjì ni. Ọkàn náà ń dáná kó tó lè ṣiṣẹ́. Ti ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti ti obìnrin tó sanra kì í dáná bákan náà. Ti obìnrin a máa fa ọ̀rá sun ju ti ọkùnrin lọ. Tí ọ̀rá bá wá pọ̀ jù lára, òun náà ni yóò máa jó ṣáá: iná ń jó, èéfín ń rú, ìkòkò ò hó. A ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Àmọ́ ẹ má fi ti àbúrò yín wọn ti yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ, ṣé ìwọ̀n ọkùnrin lẹ fi ń gé aṣọ obìnrin?"

Haneefah fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá.

"Tí ẹ ò bá padà sídìí oògùn yìí, omi náà yóò gun àyà yín. Ẹ ò ní lè mí."

"Kì í ṣe èmi, mà. Ìyá mi ni."

Ìyá náà ló tọ́jú Mùílì dé òpin. Òun ló ń gbé e lọ sí balùwẹ̀, ó sì dé ìgbà kan tí ọwọ́ kan ṣoṣo tó o láti gbé ọmọ tó bí, tó ti ní irùngbọ̀n. Láràárọ̀ ni yóò ká ìka mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ láti mọ bó ṣe fọn tó. Lọ́jọ́ fídáù, ó ká ìka mọ́ ọrùn ọwọ́ Haneefah náà. Oògùn ti fa omi kúrò lára rẹ̀ nígbà náà, eegun abẹ́ ọrùn rẹ̀ ti yọ. "Èyí náà ti ń gbẹ," ni ìyá wí. Ó sì kúnlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lójú àwọn àlejò, pé kó ṣàánú òun, kó má lo ohun tó ń mú un rù mọ́.

Ta ni ìyá rẹ̀ yóò kúnlẹ̀ fún tí yóò ní òun kò gbọ́? Láti ọjọ́ náà, bí ìyá bá ti pè é, ìbéèrè kan náà ni: "Ara ń san?" Haneefah a ní ó ń san. Lẹ́nu ìyá, sísan ara àti sísanra, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Haneefah náà ń tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ ara rẹ̀, ó ń fẹ̀ ẹ́, ó sì ń dúpẹ́.

Nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, kò padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ mọ́tò Ọ̀yọ́.

Ìyá Bushrah, tí ilé wọn kọjú sí ti ìyá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló kọ́kọ́ rí i. "Haneefah, ṣé ilẹ̀kùn yìí á gbà ọ́ báyìí? Ọkọ rẹ ti ń sin màálù Iléyá láti ìsinsìnyí."

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Bushrah. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná, kí wọ́n tó pa mí."

Ìyá rẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ ń dán. "Alihamudulilahi. Wo ọmọ mi bó ṣe sanra." Ó ti na ọwọ́ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Haneefah gba ọwọ́ náà, ó fà á wọlé, ó sì gbé e lé ojúgun ara rẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Ìyá mi."

"Kí ni mo fẹ́ tẹ̀?"

"Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́."

Ìyá tẹ̀ ẹ́. Ó wo kòtò tí ìka rẹ̀ dá síbẹ̀, ó dúró kó kún, kò kún. Ó tẹ ibòmíràn. Ìyẹn náà jin.

"Ara kọ́ nìyí," ló wí jẹ́ẹ́.

"Omi ni. Ó ń bọ̀ wá sí àyà mi."

"Èmi ni mo bù ú sí ọ lára."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Mùílì lẹ rí lára mi." Haneefah mú oògùn jáde nínú báàgì rẹ̀. "Tí mo bá ń lo èyí, mo máa rù. Eegun mi á tún yọ."

"Ṣé kí n má wá sunkún tí mo bá rí i?"

"Ẹ sunkún, Ìyá mi. Ẹ ṣáà má kúnlẹ̀ fún mi mọ́."

Ìyá dìde, ó wọ yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀. Ife Mùílì ló gbé jáde, èyí tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti bu omi sí i.

"Lò ó lójú mi," ló wí.

Bí Haneefah ṣe ń gbé e mì, ìyá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú níbi tó máa ń wọ̀n. Kò wọn nǹkan kan. Ó kàn dì í mú.