Ẹ̀yìn Wà Níwájú

Bọ́ọ̀sì náà fò síwájú. Mẹkáníìkì fò sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ìdí gbá àwọn sípánà dànù, imú ọkọ̀ sì wá dúró síbi tí orúnkún rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú.

"Ìwọ lo ní kí n fi sẹ́yìn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wí láti ìdí sítíárìn. "Mo sì fi sẹ́yìn."

Òótọ́ ni. Ohun tí mẹkáníìkì ní lọ́kàn ni pé kí ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, ohun tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbọ́ ni pé kí òun fa ọ̀pá gíà sẹ́yìn. Nínú gíàbọ́ọ̀sì àtijọ́, èyí tí mẹkáníìkì ti yọ kúrò lára ọkọ̀, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Káfíńtà ni ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ẹbí sì ń pè é nítorí bó ṣe máa ń wakọ̀. Òun ló kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú bọ́ọ̀sì náà, òun náà ló kọ́ ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wà á. "Ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ló wà," ló máa ń sọ fún un. Ó kú lọ́dún tó kọjá.

Nínú gíàbọ́ọ̀sì tuntun yìí, èèyàn á ti ọ̀pá náà sí òsì, á tì í síwájú, kí ọkọ̀ tó lè lọ sẹ́yìn. Mẹkáníìkì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi dè é mọ́ ọkọ̀, ó sì ti wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà méje láàárọ̀ yìí nìkan, ó ń wá ibi tí epo lè máa jò. Gbogbo bóòtù àti nọ́ọ̀tì ló ti fọwọ́ kàn. Kò rántí ọwọ́ ẹni tó máa wà á.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ bímọ, ní òdìkejì àwọn òkè. Gíà mẹ́rin ti àtijọ́ kò lè gun òkè wọ̀nyẹn mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fẹ́ gbéra lọ bá a kí oòrùn tó mú. Mẹkáníìkì ní kí ó jẹ́ kí òun wà á lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní rárá, ta ni yóò máa wá wà á káàkiri fún òun níbẹ̀?

"Ìwọ gan-an ò fọkàn tán ọwọ́ mi," ló sọ. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, dá ti àtijọ́ padà."

Ti àtijọ́ wà lábẹ́ tábìlì, ó ń kán epo dúdú sínú abọ́. Mẹkáníìkì wò ó títí. Bó bá dá a padà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní lè lọ. Inú rẹ̀ fẹ́ dùn sí i, ojú sì tì í. Ẹ̀gbọ́n yìí nìkan ló kù fún un.

Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì fi ọ̀pá gíà dánra wò láìṣáná sí ọkọ̀. "Ẹ tì í síwájú kó lè lọ sẹ́yìn," ni mẹkáníìkì ń wí, títí ahọ́n rẹ̀ fi lọ́ mọ́ra, tí àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ dúró síwájú ọkọ̀, ó fẹ̀yìn ti tábìlì.

"Kúrò níwájú mi."

"Mi ò kúrò, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ó ṣáná sí ọkọ̀. Mẹkáníìkì fọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti ṣe tó lónìí. Ètè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń mì, bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀. Èjìká rẹ̀ rọra tẹ̀ síwájú bó ṣe ń ti ọ̀pá gíà.

Bọ́ọ̀sì náà sún sẹ́yìn.

Àyè ṣí láàárín wọn, ìgbésẹ̀ kan, ìgbésẹ̀ méjì. Ọkọ̀ kọjá ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó bọ́ sínú oòrùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gíláàsì. Mẹkáníìkì gbé ọwọ́ sókè láti sọ fún un pé ó ti tó, kó dúró. Ìgbà yẹn ló yé e pé òun ti tún ọkọ̀ náà ṣe dáadáa débi tí ẹ̀gbọ́n òun fi lè lọ. Ọwọ́ náà ṣì wà lókè. Ó fi í dágbére fún un.