Ọwọ́ Anselm Rieger

Ọkọ̀ dúdú náà yọ láti inú igbó, ó gun orí gegele, táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúyẹ́ lórí títì, ó sì já sínú kọ́nà ńlá tó yí sí òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú òkúta. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti máa ń gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Anselm Rieger kò gbẹ́sẹ̀. Ó di ìtọ́kọ̀ mú, ó tẹjú mọ́ ibi tí ọ̀nà yóò gbà jáde, ó sì ń dúró kí ọkọ̀ bá òun sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ kò sọ nǹkan kan. Igi páínì ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ògiri, ohùn ẹ́ńjìnnì ròkè, kọ́nà sì tán.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Àyà rẹ̀ ló já.

Láti ìgbà òtútù ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń kú. Orí ìka ló ti bẹ̀rẹ̀. Á funfun láàárọ̀, á sì tún padà bọ̀ sípò tó bá fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, omi gbígbóná kò ràn án mọ́. Dókítà kan ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ Anselm wò ó, ó ní iṣan tó ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ nǹkan lára ló ti kú díẹ̀díẹ̀, pé gbogbo ọdún tí ìtọ́kọ̀ fi ń gbọ̀n mọ́ ọn lọ́wọ́ ló fà á, àti pé ó ṣeé ṣe kó má sàn mọ́. Anselm dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ra ìbọ̀wọ́ tuntun, ó pa gbogbo ẹwù tó ní bọ́tìnnì tì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Iṣẹ́ tó ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ ni pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ tí kò tíì délé ayé fún un, kí ó fi ara gbọ́ ohun tó ń ṣe é, kí ó sì wá sọ ọ́ fún àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn báyìí, ọkọ̀ ilé olílẹ̀kùn mẹ́rin ni, irú èyí tí bàbá kan lè fi gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìyá àgbà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì alágbára sínú rẹ̀, wọ́n ti fẹ ìgbátí rẹ̀ kí táyà ńlá lè wọlé, wọ́n sì ti kan ìyẹ́ gíga kan mọ́ ọn nídìí, kí afẹ́fẹ́ lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ títì. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré ni wọ́n máa ṣe. Òfin eré ìje ọkọ̀ ló fà á: ilé-iṣẹ́ tí kò bá kọ́kọ́ ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ará ìlú, kò gbọdọ̀ gbé e wá sójú ìje. Nítorí náà, ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí lórí òkè Eifel yìí lónìí, ìyẹn ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìdílé yóò máa gbé sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀, nínú oòrùn àti nínú òjò.

Burkhard Stäbler, ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ tí gbogbo iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀, ń dúró dè é lẹ́nu gáréèjì. Ọdún kan náà ni òun àti Anselm wọṣẹ́. Ó ní búrẹ́dì lọ́wọ́ tí kò tíì jẹ.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dúró dáadáa," ni Anselm wí, ó ń bọ́ akoto kúrò lórí.

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú ńkọ́?"

Kí ó tó dáhùn, Roswitha Thelen ti dá sí i. Awakọ̀ bíi tirẹ̀ ni, obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ọmọ abúlé kan nísàlẹ̀ òkè náà. Anselm fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Òun ló kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Mo ṣì ń sọ ọ́ o. Ìdí rẹ̀ ń gbọ̀n níbẹ̀. Kò pọ̀. Bí ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi, tó fẹ́ gbọn ara rẹ̀, tó wá rántí pé àlejò wà nílé."

"Ajá wo ló ń gba ti àlejò rò?" ni Burkhard bi í.

"Ajá ibí ni, ọ̀gá. Tiyín ní Swabia, níbi tí ẹ ti ń ṣọ́ kọ́bọ̀, á kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó lè ta omi tó kù lára rẹ̀."

Àwọn mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. Burkhard náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi tún le. Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ láti fi wọn bó ṣe ń gbọ̀n kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìlà tó fà sórí bébà wọ́ kọ́lọkọ̀lọ díẹ̀ níbi kọ́nà náà. Ìyẹ́ lè fà á, ojú títì tó rí gbágungbàgun náà sì lè fà á. Àwọn òṣìṣẹ́ nílé ń retí ìpè kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí wọn kò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náà kò ní pé kí àwọn aláṣẹ ìje tó ti ilẹ̀kùn, iṣẹ́ ọdún méjì yóò sì di ti ọdún tó ń bọ̀.

"Anselm," ni Burkhard wí, "ọ̀dọ̀ rẹ ló kù sí. Ṣé nǹkan wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

Ohun tí Anselm ní lọ́kàn láti sọ ni pé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ yàtọ̀.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Burkhard mí kanlẹ̀. "Ó parí nìyẹn. Tí a bá jẹun tán, mo máa pè wọ́n."

Roswitha mi orí bí ẹni tó gbà. Ó jáde lọ.

Nígbà tí àwọn yòókù jókòó ti búrẹ́dì àti sọ́sééjì, Anselm kò rí i láàárín wọn. Ẹ̀yìn gáréèjì ló ti bá a, níbi tó fara ti ọgbà wáyà. Ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń la àtẹ́lẹwọ́, ó ń pa á dé, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ọwọ́ ẹlòmíràn fún.

"O ò jẹun?"

"Ó dá mi lójú tẹ́lẹ̀ ni, Ọ̀gá Anselm," ni Roswitha wí, kò gbójú sókè. "Ó dá mi lójú gan-an. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ní kò sí, a jẹ́ pé kọ́nà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, tí mo wá ń parọ́ mọ́ ọkọ̀. Kò burú. Tó bá tún ṣe mí bẹ́ẹ̀, mi ò ní kà á sí mọ́."

Anselm dúró síbẹ̀. Ó rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ọmọbìnrin náà wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú táyà kan lára ọkọ̀ àtijọ́, ó di Roswitha lójú, ó gbé e yí pápá ká, ó ní kí ó sọ táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín. Roswitha mọ̀ ọ́n. Anselm sì wí fún un pé, ohun tí ara rẹ bá sọ fún ọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́, èmi pàápàá.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òun sì nìyí, òun gan-an ló ń wọ́ ọ. Irọ́ tí òun pa fún Burkhard, ọkọ̀ ni yóò rù ú, àti ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí, tí ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, tí òjò bá lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n èyí tí òun pa fún ọmọ yìí, inú ọwọ́ rẹ̀ ni yóò wọ̀ sí, kò sì ní jáde níbẹ̀ mọ́.

"Dìde," ni Anselm wí. "Gbé mi."

"Ẹ ní kí n ṣe kí ni?"

"Ìwọ ni kí o wakọ̀. Èmi á jókòó tì ọ́."

Ẹnikẹ́ni kò rí Anselm Rieger rí níbi tí wọ́n ti ń gbé e yí òkè náà ká. Mẹkáníìkì kan tó ń so bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà kò lè mú un mọ́ra. "Ọ̀gá, ṣé kí n wá ọ̀rá kan fún yín, tí èébì bá gbé yín?"

"Fìlà rẹ tó," ni Anselm dá a lóhùn.

Roswitha wakọ̀ bó ṣe kọ́ ọ: láìkánjú, láìfi ipá mú nǹkan kan. Anselm gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan bí ọmọ ilé ìwé. Wọ́n gun gegele náà, ara fúyẹ́, wọ́n sì bọ́ sínú kọ́nà. Nígbà náà ló dé. Abẹ́ àga ló gbà wá, ó wọ ìbàdí rẹ̀, ó gun ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, kékeré, kíákíá, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tó mọ̀ pé àìsàn wà nínú rẹ̀. Ó sì lọ. Àtẹ́lẹwọ́ Anselm tó wà lórí itan kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

"Tún un gbà," ni Anselm wí nígbà tí wọ́n yí òkè ká tán. "Kó yá díẹ̀ sí i."

Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ọkọ̀ kò wulẹ̀ gbọ̀n mọ́. Àárín kọ́nà ni wọ́n wà tí ìdí rẹ̀ fò sọ́tùn-ún. Irin ẹ̀bá ọ̀nà sáré bọ̀ wá bá fèrèsé Anselm. Roswitha yí ìtọ́kọ̀, kò tẹ bíréèkì, ó dúró dè é, táyà ẹ̀yìn họ koríko, ọkọ̀ náà ronú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì padà sójú títì. Níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀ ló ti gbé e dúró. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ń gbọ́ bí irin ṣe ń tutù.

"Ẹ gbọ́ ọ," ni Roswitha wí. Kò jọ ìbéèrè.

"Mo gbọ́ ọ. Ó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀." Anselm fi eyín fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bọ́, ó na ọwọ́ sí i. "Fi èékánná rẹ tẹ orí ìka yìí. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Roswitha tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Anselm ti yíjú sí òde.

"Ó ń dùn yín?"

"O ti tẹ̀ ẹ́?"

Roswitha fi ọwọ́ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí itan Anselm. "Láti ìgbà wo?"

"Ṣáájú Kérésìmesì."

"Ṣé Ọ̀gá Stäbler mọ̀?"

"Wakọ̀ lọ bá a."

Burkhard ti gbé fóònù sétí nígbà tí wọ́n wọlé. Anselm ní kí ó gbé e sílẹ̀. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, láìfi iyọ̀ sí i: pé ìdí ọkọ̀ ń gbọ̀n, pé Roswitha tọ̀nà, pé òun parọ́, àti ìdí tí òun fi parọ́. Ọ̀gá náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó sì jókòó sórí àpótí irinṣẹ́.

"Ṣọ́kì tí a yàn ní oṣù kejì ńkọ́?"

"Èmi ni mo yàn án. Mi ò mọ̀ bóyá mo yàn án ire."

"Bíréèkì?"

"Ẹsẹ̀ ni mo fi mọ ìyẹn. Ẹsẹ̀ mi ṣì pé."

"Nítorí náà, gbogbo rẹ̀ la máa tún ṣe." Burkhard fọwọ́ nu ojú. "Ọdún yìí ti lọ nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀. O mọ̀, o sì ń wọ inú ọkọ̀ yẹn lójoojúmọ́. Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, Anselm? Ṣé èmi ni?"

"Òní yìí ló ń bà mí lẹ́rù," ni Anselm wí.

Burkhard gbé fóònù. Ó ní kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ní rárá, òun kò mọ ìgbà tí yóò jẹ́. Ẹni tó wà lódìkejì fóònù ń pariwo, gbogbo wọn ń gbọ́ ọ. Burkhard ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, ó ní kí àwọn mẹkáníìkì yọ ìyẹ́ náà, kí wọ́n dá ti tẹ́lẹ̀, èyí tó kéré, padà, kí Roswitha sì lọ wò ó bóyá ibẹ̀ ni àìsàn náà wà.

"Rọra o," ló wí fún un.

Lẹ́yìn náà ó bu kọfí sínú ife kan. Kò gbé e fún Anselm lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bo ife náà títí tó fi rí i pé kò ní jó èèyàn, kí ó tó gbé e sí i lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì jáde lọ dúró létí wáyà.

Roswitha gbéra. Ohùn ọkọ̀ náà kọjá níwájú wọn, ó sọ̀ kalẹ̀ wọ inú igbó, ó ń kéré sí i, ó sì dákẹ́.

Irmgard, ìyàwó Anselm, bá a wá síbí lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Kò wá mọ́. Ó ní ariwo kò ṣe òun ní nǹkan kan, ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń tẹ̀ lé e ni òun kò lè fara dà. Anselm rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ìdákẹ́jẹ́ wo? Nínú ọkọ̀ tí òun wà, kò sí ìdákẹ́jẹ́ kankan.

Ó na etí sí apá ibi tí àgbélébùú òkúta wà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí igi páínì. Burkhard lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò mira. Ẹyẹ kan ń ké, ó sì wu Anselm pé kí ó dákẹ́. Kò tíì yẹ kí ọmọ náà dé. Ó mọ òkè yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, ó mọ̀ pé kò tíì yẹ kó dé, síbẹ̀ ó ń ka kọ́nà kọ̀ọ̀kan lọ́kàn.

Nígbà tí ohùn náà tún yọ lókèèrè, tín-ín-rín, tó ń bọ̀, kọfí ti tutù nínú ife. Anselm ń ro bí òun yóò ṣe ṣílẹ̀kùn ilé ní ìrọ̀lẹ́, tí Irmgard yóò gbójú sókè, tí òun kò sì mọ èyí tí òun yóò kọ́kọ́ sọ fún un nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì: pé ọwọ́ òun ti kú ni, tàbí pé òun ti wá mọ ìdákẹ́jẹ́ tó sọ lọ́jọ́ náà.