Táyà Kékeré Ni Yóò Gun Òkè

"Bí ìwọ kò bá so táyà ńlá yẹn mọ́ ọn, ẹlòmíràn ni yóò wa rọ́bọ́ọ̀tì yìí níbi ìdíje lọ́la." Ẹ̀gbọ́n Agídí, tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ tí ó to rọ́bọ́ọ̀tì náà, ni ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Agídí kò gbé ojú sókè nídìí sípánà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń to ẹ̀rọ náà ni òun ti ń wà á. Kò sí ohun tí ó wù ú tó o.

"Ẹ wá ẹlòmíràn," ni ó dáhùn. "Ọwọ́ tèmi kò ní so ó. Eré ni táyà ńlá mọ̀, kò lágbára láti ru ẹrù gun òkè tí a ó gùn lọ́la."

"Àná ńkọ́? Ṣé kò sáré bí ẹni tí ajá lé ni?"

"Ó sáré, Ẹ̀gbọ́n. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni. Bátìrì sì ń bẹ lórí tábìlì, ẹ fi wáyà gígùn so ó mọ́ ẹ̀rọ bí ẹni so ewúrẹ́. Ta ni kò ru nǹkan kan tí kò ní sáré?"

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n fajú ro. Ó so táyà ńlá fúnra rẹ̀, ó de bátìrì mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n fi ń dánra wò. Ẹ̀rọ gùn ún dé ìdajì, ó ń ké, ó ń rùn bí ike tí iná ń jó, ó sì yí gbirigbiri padà sílẹ̀.

Agídí kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tú táyà ńlá, ó so kékeré. Ẹ̀rọ rọra gùn ún títí dé òkè téńté, àfi bí ikùn rẹ̀ ṣe há sí etí pákó, tí táyà wá ń yí lófo.

"Ẹ wo ẹsẹ̀ ìjàpá!" ni ẹ̀gbọ́n ké. "Tú u kíá!"

"N kò tú u. Ikùn ni n ó gé, n kò ní pààrọ̀ ẹsẹ̀."

"Irin tí mo fi ọwọ́ ara mi rọ?"

"Òun gan-an ni, ẹ má bínú."

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó fa ayùn irin yọ, ó rẹ́ etí ìsàlẹ̀ náà kúrò pátápátá lójú ẹni tí ó rọ ọ́. Nígbà tí ó tún gbé ẹ̀rọ sí pákó, ó gùn ún, ó ré góńgó kọjá tẹrù-tẹrù.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ bèèrè ẹni tí yóò wà á lọ́la.

"A ó rí i," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"A ti rí i," ni Agídí dáhùn. Ó ki rìmóòtù tí wọ́n fi ń wà á bọ àpò, ó sì lọ gbá èérún irin tí ó gé dà sílẹ̀.