Ọkọ Mi Ń Wá Àṣìṣe

Ọkọ mi jẹ́ ayàwòrán ilé. Ilé tó bá yà kì í jò, kì í là, kì í gbóná. Ohun tó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó sọ pé orí mi ti dàrú.

Àwọn ayàwòrán ilé ní ẹgbẹ́ kan tó máa ń pàdé ní ìparí oṣù, nínú yàrá ńlá kan lókè ilé ìtẹ̀wé. Wọ́n ń kọ́ ara wọn níṣẹ́: bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń kọ́ ilé tí kì í jẹ iná mọ̀nàmọ́ná bí ẹni jẹ ẹ̀pà, ilé tí kì í fi omi ṣòfò, tí àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò bá lórí ìdúró. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ rí i pé tí ayàwòrán ilé méjì bá ti pàdé, fáàrí ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Ni wọ́n bá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ àṣeyọrí rẹ̀ nínú ìpàdé. Àṣìṣe nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yóò mú àṣìṣe kan wá, tirẹ̀ gan-an, tuntun, tí ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ kò tíì ṣe rí, kí gbogbo wọn lè rí ẹ̀kọ́ kọ́. Oníbàárà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí yóò sì wá jẹ́rìí.

Òfin dáadáa ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣìṣe ṣe fáàrí.

Mo bá ọkọ mi lọ sí ìpàdé àkọ́kọ́, torí èmi ni mò ń bójú tó ọ́fíìsì wa. Obìnrin kan dìde, ó ní òun ya àtẹ̀gùn kan tó gòkè lọ títí tó fi kan ògiri.

"Kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀ ni?"

"Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí fèrèsé. Wọ́n á gùn ún, wọ́n á kí ògiri, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àgbá-Omi náà dìde. Ó ní òun gba omi òjò jọ lórí òrùlé ìdílé kan, kí wọ́n má baà máa ra omi mọ́, ni gbogbo omi náà bá gba inú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná jáde. "Wọ́n ní àwọn kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí omi mọ́ kí àwọn tó fọ abọ́." Àtẹ́wọ́ tirẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Obìnrin alátẹ̀gùn wò ó bí ìyàwó àgbà ṣe ń wo ìyàwó tuntun.

Ó wá kan ọkọ mi. Ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Mo ti ro gbogbo ilé tí mo yà," ó ní. "Kò sí èyí tí nǹkan kan ṣe."

Alága ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Gbajúmọ̀ ni alága yìí. Òun ló ya ilé onídígí tó gba ẹ̀bùn, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ dígí láti ilẹ̀ dé òkè. Inú ilé náà lòun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, fọ́tò rẹ̀ sì wà lára ògiri yàrá ìpàdé, ó tóbi ju fèrèsé lọ.

"Àbúrò," ni alága wí, "kò sí ẹni tí kì í ṣubú. Ẹni tó bá ní òun ò ṣubú rí, orí ẹní ló wà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kí a tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n ti sọ ọkọ mi ní Ẹni-Mímọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín fún wa. Ìjọba fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn ọmọdé, wọ́n sì ti sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ yẹn nìkan ni àwọn yóò pè wá du iṣẹ́ náà. Àwa ńkọ́? Ògiri ọgbà nìkan là ń yà láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń ta àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti gbé àga kalẹ̀ fún un nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ìpàdé tó ń bọ̀ bá tún kọ̀ wá, ọ́fíìsì wa á tì, ọkọ mi á sì máa jókòó láàárín àwọn àwo wọ̀nyẹn, á máa sọ fún aráyé pé wọ́n le, pé kí wọ́n jókòó wò.

Nígbà tí à ń lọ sílé, mo bi í: "Bàbá Ìbejì, ṣé lóòótọ́ lẹ ò ṣàṣìṣe rí?"

"Mo fẹ́ ọ níyàwó."

"Ta ló máa wá jẹ́rìí? Ìyá yín?"

Ó mọ̀ pé ìyá òun á wá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà, à ń tọrọ àléébù. Télọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù òun tutù débi pé àwọn tó wá wọn aṣọ máa ń sùn lórí ìdúró. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un wò dáadáa, bóyá igun kan wà tó ń dà á láàmú. Télọ̀ sún sẹ́yìn. "Bọ̀ọ̀dá, tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ yá owó ni, ẹ sọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọ̀dọ̀ Màmá Tíṣà. Ọ̀gá ilé ìwé ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ilé wọn sì ni ọkọ mi fẹ́ràn jù nínú gbogbo ilé tó yà. Bíríkì amọ̀ tó nípọn ni wọ́n fi mọ ọ́n. Etí òrùlé rẹ̀ yọ jáde bíi fìlà tó bo ojú. Fèrèsé kọjú sí fèrèsé, ihò wẹ́wẹ́ sì wà lábẹ́ àjà tí ooru ń gbà jáde. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù kankan níbẹ̀. Ìgboro ń jó bí ààrò lọ́jọ́ náà, àmọ́ bí a ṣe wọ pálọ̀ Màmá ni òógùn wa gbẹ.

Àlejò kún ilẹ̀ pálọ̀ yẹn. Wọ́n sùn sórí ẹní, sórí àga, sábẹ́ tábìlì. Bàbá àgbàlagbà kan na ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ó ní orúnkún òun ò jẹ́ kí òun lè dìde láti ìgbà tí òun ti wá kí Màmá. Màmá tó nilé jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ìdáná.

"Màmá, ẹ káàsán mà," ni ọkọ mi wí. Ó dọ̀bálẹ̀. "Mo wá béèrè nípa ilé ni."

"Kí ló ṣe é?"

"Ohun tí mo wá bi yín nìyẹn mà. Kí ló ṣe é?"

"Nǹkan kan ò ṣe é."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tún rò ó."

Àánú rẹ̀ ṣe Màmá, wọ́n wòkè, wọ́n wolẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan sọ. Ni ọkọ mi bá dìde, ó fi etí mọ́ ògiri, ó kàn án kó kó kó.

Obìnrin kan jí lórí ẹní. "Kí ni bọ̀ọ̀dá yìí ń gbọ́?"

Ọkọ mi kì í purọ́. "Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan mà. Àléébù ni mò ń wá."

"Àléébù kẹ̀?" Ẹni kejì dìde jókòó.

Màmá wo ọkọ mi. Wọ́n wo àwọn tó wà nílẹ̀. Mo rí ojú wọn tó mọ́ kedere, bíi ti ọmọ ilé ìwé tí wọ́n sọ fún pé tíṣà ò wá lónìí. Ni wọ́n bá káwọ́ lérí.

"Yéè! Mo gbé! Ẹni tó ya ilé ló wá fúnra rẹ̀! Ẹ ò rí i bó ṣe ń fetí sí ògiri!"

"Màmá, mi ò sọ pé ó..."

"Má bò ó mọ́lẹ̀, ọmọ mi! Má tìtorí ọjọ́ orí mi bò ó mọ́lẹ̀!"

Ẹ wo eré! Ẹní ń ká ara rẹ̀. Ẹnì kan gbé ìkòkò kúrò lórí iná tòun ti ìdérí. Bàbá olórúnkún fo àwọn òdòdó ẹnu ọ̀nà láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Màmá náà gbé báàgì, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń sunkún tẹ̀lé wọn lọ sí oríta.

Ó wá ku èmi àti ọkọ mi lójúde. "Mo ti lé ìyá arúgbó jáde nínú ilé rẹ̀," ó ní, ó sì sunkún. Ó sunkún débì kan, ó dúró.

"Ìyá Ìbejì."

"Ẹ̀n?"

"Àṣìṣe nìyí, àbí?"

"Àṣìṣe ńlá ni."

"Ṣé tuntun ni?"

"Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí."

Ó nu ojú.

A pe Màmá títí, wọn ò gbé e. Ọkọ mi kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé nǹkan kan ò ṣe ilé náà, pé kí wọ́n dárí ji òun, pé kí wọ́n sì dákun wá jẹ́rìí sí ohun tí òun ṣe. Èsì kan ṣoṣo ló padà wá: "Mò ń bọ̀."

Lọ́jọ́ ìpàdé, ojú alága pọ́n bíi ti ẹni tí kò sùn, ọrùn rẹ̀ sì ti sú wẹ́wẹ́ fún ooru. Ó ń họ ọ́ tẹ̀rọ̀tẹ̀rọ̀, bí ẹni tó ń ronú. Ọkọ mi dìde, ó sọ bí òun ṣe wá àṣìṣe nínú ilé tí kò ní àṣìṣe, títí onílé fi sá jáde.

Ààrá àtẹ́wọ́ ni! Àgbá-Omi dìde dúró. Obìnrin alátẹ̀gùn mí kanlẹ̀, ó ní, "Tèmi ti di eré ọmọdé." Alága pàápàá rẹ́rìn-ín. "Mo ti mọ̀!" ó ní. "Mo mọ̀ pé ilé yẹn ò lè dáa tó bẹ́ẹ̀!" Kò sẹ́ni tó bi í ibi tó ti mọ ilé náà. "Oníbàárà dà?"

Màmá Tíṣà wọlé. Gbogbo ìpàdé dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní "Ẹ káàsán mà," láìsí ẹni tó ní kí wọ́n wí i. Alága nìkan ni kò dìde. Ó ń wá nǹkan lábẹ́ tábìlì.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ bi Màmá pé, "Mà, ṣé òótọ́ ni pé ẹ kó jáde nílé?"

"Mo kó jáde dé oríta. Nígbà tí gbogbo ẹbí mi wọkọ̀ tán, mo padà sílé, mo tilẹ̀kùn, mo sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i gbẹ̀yìn."

"Ilé náà ò là?"

"Ibo ló fẹ́ gbà là?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń pariwo?"

"Ṣé ẹ ti gbàlejò tí kò fẹ́ lọ rí? Ilé mi tutù, ẹbí mi sì gbọ́. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò lọ. Mo ṣépè, wọ́n ní àmín. Ọlọ́run ló rán ọmọ yìí, tó wá fetí mọ́ ògiri." Wọ́n fi ọwọ́ kan èjìká ọkọ mi. "Ṣùgbọ́n mi ò ní wá síwájú yín kí n fi irọ́ ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ilé mi ò ní àṣìṣe kankan."

Ọkọ mi rọ bí ìwé tó bọ́ sómi. Ó fojú ara rẹ̀ rí i bí àṣìṣe rẹ̀ ṣe kú. Èmi ti ń rí àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níwájú mi, funfun, wọ́n tò gbọọrọ.

Akọ̀wé ní ó ṣeni láàánú. Màmá yíjú láti máa lọ, ni wọ́n bá rí ẹni tó wà lábẹ́ tábìlì.

"Ìwọ! Jáde síbí." Alága jáde. "Ìwọ náà gbọ́. Má tún gbé pílò rẹ wá sílé mi mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, níwájú àwọn ènìyàn..."

"Àbúrò mi ni," Màmá sọ fún gbogbo wa. "Ìyá kan náà ló bí wa. Láti ìgbà tí ooru ti dé títí mo fi tilẹ̀kùn, orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ń sùn. Ó ní ilé onídígí ń se òun bí ẹyin."

Gbogbo ojú yí sí fọ́tò ara ògiri, wọ́n sì yí padà sí ọrùn alága. Mo ní ó máa sẹ́. Alága ò sẹ́. Omi lé sí i lójú, ó ní, "Òótọ́ ni. Mo gba ẹ̀bùn lórí ilé tí èmi tí mo yà á ò lè sùn nínú rẹ̀."

Ṣé ẹ rí àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan? Eré ni. "Èyí ga jù!" ni Àgbá-Omi ń ké. Wọ́n ń gbá alága mọ́ra, wọ́n ń kí i kú oríire, wọ́n gbàgbé pé ọkọ mi wà láyé.

Mo dìde. "Ẹ dákun, ọkọ tèmi ńkọ́?"

"Òun náà jẹ̀bi," ni Màmá wí. "Láti ìgbà tó ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́, kò padà wá wò ó bóyá mo wà láàyè. Ká ní ó ń wá ni, ì bá ti rí i pé èmi tí mo kọ́lé, orí àpótí ni mò ń sùn."

"Òótọ́ ni mà," ni ọkọ mi wí. Ìrètí ti ń padà sí i lójú.

Akọ̀wé ronú. "Àṣìṣe nìyẹn lóòótọ́. Ó ku ká mọ̀ bóyá tuntun ni. Ta ni nínú wa ló ti padà lọ bi oníbàárà rẹ̀ rí, lẹ́yìn tó fún un ní kọ́kọ́rọ́?"

Ọwọ́ kankan ò gòkè, akọ̀wé pàápàá ò na tirẹ̀.

"Gbogbo wa la ti ṣe é. Kì í ṣe tuntun. A ò lè gbà á."

Mo ti mú báàgì mi nígbà tí obìnrin alátẹ̀gùn sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ dúró ná. Oníbàárà mi ń pè mí láti ọjọ́ yìí, ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e. Ṣebí ọkùnrin yìí mọ bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn oníbàárà? Tó bá di ọmọ ẹgbẹ́, á lè bá mi dé ibẹ̀."

"Á bá èmi náà dé ọ̀dọ̀ àwọn oníkọ́bọ́ọ̀dù," ni Àgbá-Omi wí kíá. "Kó kọ́kọ́ wọlé, kí n dúró níta."

Bí wọ́n ṣe dìbò nìyẹn. Kò sí ẹni tó lòdì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ìfẹ́ dìbò, mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ìbínú dìbò. Ojo ni wọ́n fi dìbò fún ọkọ mi. Ó di ọmọ ẹgbẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa padà lọ sí gbogbo ilé tí wọ́n ti yà, kó béèrè, kó sì wá sọ ohun tó gbọ́ níwájú gbogbo wọn. Alága ló na ọwọ́ sókè jù. Ìgbà tí akọ̀wé ní ilé alága la ó ti bẹ̀rẹ̀ ló tó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ìwé ìpè ilé ìwòsàn ọmọdé dé ọ́fíìsì wa lówùúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ sílé alága. A gbé e sórí tábìlì, a sì lọ.

Ìyàwó alága ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì tútù lọ́rùn. "Ṣé fọ́tò lẹ wá yà?"

"Rárá mà," ni ọkọ mi wí. "A wá béèrè ohun tó ń ṣe ilé ni."

Wọ́n wò wá títí. Wọ́n gbé àga méjì síbi tí oòrùn ti ń gba dígí wọlé. Láti inú balùwẹ̀ la gbọ́ ohùn alága tó ń kí wa, pẹ̀lú omi tó ń dún yẹrẹyẹrẹ.

"Ìyàwó mi, fún àwọn àlejò lómi mu!"

"Wọn ò ní mu ún," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. Wọ́n jókòó kọjú sí wa. "Wọ́n ní àwọn wá béèrè. Ẹ kọ́kọ́ gbóná ná."