Irunmú Mehrban àti Abẹ́rẹ́ Tó Sùn

Ọkùnrin tó bá ní irunmú bíi ti Mehrban kò yẹ kó máa fi í búra. Mo ti sọ ọ́ fún un títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Àmọ́ awakọ̀ ni, etí rẹ̀ kì í gbọ́ ju fèrè ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Láàárọ̀ Àlàmísì yẹn, nílé tíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ akẹ́rù wa ní Haripur, ó dìde láàárín èrò, ó lọ́ irunmú náà lọ́tùn-ún lósì, ó ní ọkọ̀ òun ni yóò ru ẹrù ìyàwó Shakila, ọmọ òun kan ṣoṣo, gun òkè lọ sílé ọkọ rẹ̀ lọ́la. Bí kò bá dé ibẹ̀, kí wọ́n fá irunmú òun.

Tanvir, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ní ọkọ̀ tuntun kan tó ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì ti ń wá bí òun ṣe máa gba ẹrù náà gbé. Ojú ẹsẹ̀ lòun náà dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, bí àgbà ọkọ̀ yín yẹn bá lè dé òkè, kí wọ́n fá tèmi."

Ilé tíì pàtẹ́wọ́, àwọn kan na ife sókè. Èmi ò pàtẹ́wọ́, nítorí èmi Zardad ni mekáníìkì ọkọ̀ náà, láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi. Ọkọ̀ yẹn dàgbà ju Shakila lọ. Orí ìjókòó rẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ ìrìn, tó ń di ọ̀pá jíà mú. Nítorí ìgbéyàwó yìí ni Mehrban fi gbé e lọ sọ́dọ̀ Niamat tó ń kun ọkọ̀. Ó padà dé pẹ̀lú ẹyẹ ọ̀kín méjì tí wọ́n yà sí i lára, ẹkùn kan tó fojú jọ Tanvir, àti ṣaworo tó pọ̀ lábẹ́ imú rẹ̀ débi pé bó bá ń bọ̀, ajá ìgboro á kọ́kọ́ dìde fún un.

Mi ò tíì mu tíì mi tán tí Mehrban tó lọ tan ọkọ̀ fi sáré padà dé, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀.

"Zardad! Mo gbé o! Abẹ́rẹ́ ti sùn!"

"Abẹ́rẹ́ wo?"

"Abẹ́rẹ́ ọ́ìlì! Mo tan ẹ́ńjìnnì, kò dìde rárá. Mo wo abẹ́ ọkọ̀, ọ́ìlì ń kán tó, tó, tó, bí imú ọmọ tí òtútù mú!"

Inú mi bà jẹ́, kí n má purọ́. Ti èèyàn, bí ẹ̀jẹ̀ bá ru sókè là ń bẹ̀rù. Ti ẹ́ńjìnnì, bí agbára tó ń ti ọ́ìlì káàkiri bá lọ sílẹ̀, tí abẹ́rẹ́ tó ń wọ̀n ọ́n níwájú awakọ̀ sì sùn, ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Irin á máa họ irin, ẹ́ńjìnnì á nọ́kì, ó parí nìyẹn. Mo kó sípánà mi, mo tẹ̀ lé e. Tanvir ń bọ̀ lẹ́yìn wa nínú aṣọ funfun tó fi sítáàṣì sí, ó ń fò bí ọmọ ọlọ́dún. Ó ti yá abẹ ìfárí lọ́wọ́ onígbàjámọ̀.

Ẹnu ọ̀nà ilé Mehrban ni ọkọ̀ wà. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì olókùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń gé àlùbọ́sà.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Zardad, o ti tún rù. Kí ló ṣe ìyàwó wa?"

Ọkọ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ṣí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì, mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, mo nù ún, mo tún tì í bọ̀ ọ́. Ọ́ìlì dé ojú àmì géérégé. Mo wo Mehrban.

"Ọkọ̀ tó ń jò, tí ọ́ìlì rẹ̀ kò dín? Ṣé odò ló wà nínú ẹ̀ ni?"

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Lóòótọ́, nǹkan ń kán láti imú rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi ìka gbà á. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yìí dúdú ju ìdí ìkòkò lọ. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo wá tọ́ ọ wò.

"Zardad, májèlé ni!" Mehrban figbe ta.

"Epo músítádì ni. Ta ló fẹ́ dín ànàmọ́ nínú ẹ́ńjìnnì mi?"

Màmá gbé orí sókè kúrò lára àlùbọ́sà. "Èmi ni. Àbí ìyàwó tuntun á wọlé kí a má da epo sí ẹnu ọ̀nà? Ẹ kun ojú ẹ̀ fún un, ẹ so ṣaworo mọ́ ọn, ẹ gbé e dé, kò sẹ́ni tó da epo kankan sílẹ̀. Mo dà á sí táyà ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó ṣẹ́ kù nínú ìgò, mo dà á sí i nímú."

Mehrban gbá Màmá mọ́ra pẹ̀lú àlùbọ́sà ọwọ́ wọn, ó ń jó yí ọkọ̀ ká, ó ń fi ẹsẹ̀ ta ṣaworo. Mo jẹ́ kó jó yí i tán.

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá," ni mo wí. "Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

Ijó dáwọ́ dúró. Tanvir ṣí abẹ náà, ó tún pa á dé, kìn-ìn.

Mo ní kí Mehrban tan ẹ́ńjìnnì fún ìwọ̀nba àkókò tí èèyàn lè fi sín. Mo fi orí sípánà gígùn kan ti ẹ́ńjìnnì, mo fi ìdí rẹ̀ ti etí mi. Kò nọ́kì. Ó ń kùn bí ológbò tó yó. Mo ní kó pa á. Páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gbé ọ́ìlì láti ara ẹ́ńjìnnì lọ bá abẹ́rẹ́ náà níwájú ìjókòó awakọ̀. Mo tú páìpù ọ̀hún lápá ti ẹ́ńjìnnì.

"Tanvir, sún sẹ́yìn."

"Ẹ jẹ́ n fojú mi rí i, Ọ̀gá Zardad. Ṣé òkú ẹ́ńjìnnì ni?" Ó kó orí àti àyà rẹ̀ wọ inú bọ́ńnẹ́ẹ̀tì.

"Mehrban, tan án!"

Ọ́ìlì tú jáde ṣààà! Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdodo Tanvir, ó gba ojú aṣọ funfun náà gòkè, ó parí sí irunmú. Màmá rẹ́rìn-ín títí bẹ́ẹ̀dì fi ń dún. Èmi náà di ọkọ̀ mú kí n má baà ṣubú.

"Òkú rèé o," ni mo wí fún un. "Òkú tó ń tutọ́."

Ara ẹ́ńjìnnì le koko nìyẹn. Ibì kan lójú ọ̀nà páìpù ló dí. Ojú ọ̀nà yẹn sì gba abẹ́ aṣọ àrán tí Shakila fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí, tó fi bo iwájú ìjókòó awakọ̀ fún bàbá rẹ̀, tó rán an mọ́ ibẹ̀ yíká. Mo na ọwọ́ sí i. Mehrban fò wọ inú ọkọ̀, ó tẹ́ apá bo aṣọ náà.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tú u!"

"Bàbá Shakila, òwú lásán ni."

"Mo ní ẹ má tú u! Ẹ fá irunmú náà. Tanvir, mú abẹ wá. Ó ti sú mi."

Ẹnu yà mí. Ọkùnrin yìí lè jà fún irunmú rẹ̀ ju bó ṣe lè jà fún ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ. Tanvir pàápàá kò mọ èyí tí ì bá ṣe; ó di abẹ mú, ọ́ìlì ń kán lágbọ̀n rẹ̀.

Ibi tí a wà nìyẹn tí Shakila fi jáde. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé làálì sí i lọ́wọ́ ni, ó tutù, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kó má baà bà jẹ́.

"Bàbá mi, ẹ sún."

"Ọmọ mi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni."

"Èmi ni mo rán an, èmi ni màá tú u. Àbí ẹrù ti èmi ni ẹ fẹ́ kó sínú ọkọ̀ tó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, Shakila!" Tanvir wí.

"Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá Tanvir. Ẹ lọ fọjú."

Ó bọ́ bàtà, ó gun òkè wọ inú ọkọ̀, ó sì fi eyín já òwú náà, ọwọ́ rẹ̀ nà sókè. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ìyá rẹ̀ ń pariwo láti inú ilé pé kò sí ìyàwó tó ń jẹ ọkọ̀ lọ́jọ́ làálì. Mo bá a ká aṣọ náà sókè.

Bàtà ọmọdé kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, pupa, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, imú rẹ̀ ti bó. Ẹnìkan ti fi ìṣó ẹlẹ́sẹ̀ méjì kàn án mọ́ pákó. Ìṣó náà gba orí páìpù mi kọjá, ó sì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Gbogbo awakọ̀ ibí ló ń so bàtà mọ́ ọkọ̀ nítorí ojú burúkú, àmọ́ ìta ni wọ́n ń so ó sí, bàtà tó ti gbó tí a kò mọ ẹni tó ni ín. Mo mọ ẹni tó ni èyí. Ó ń fi wọ́n rìn lórí ìjókòó yìí, ó ń di ọ̀pá jíà mú.

"Lóru àná ni mo tú etí aṣọ náà, mo sì rán an padà. Mo ní bó bá ti lọ," Mehrban wí, kò wo ẹnikẹ́ni, "kí nǹkan kan ṣì jókòó tì mí lójú ọ̀nà."

Màmá fi etí ìborùn nu ojú. Mo fa ìṣó yọ, mo gé ibi tó tẹ̀ kúrò, mo fi páìpù mìíràn dí àlàfo rẹ̀, mo sì so ó padà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo ní kó tan án. Abẹ́rẹ́ náà gbọ̀n, ó dìde, ó dúró sí ipò rẹ̀. Mehrban pariwo bí ẹni tó bímọ.

Shakila kò pariwo. "Bàbá mi, èkejì ẹ̀ dà?"

Mehrban fi ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, ó mú un jáde.

"Ẹ bá mi kì í bọ àpótí ẹrù mi. Kí ìkan jókòó tì yín, kí ìkan wà lọ́dọ̀ mi. Ẹsẹ̀ kan ò ṣeé fi rìn. Ẹ ó máa wá gbé mi wálé."

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ náà gun òkè pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, àpótí, kùṣìn àti ṣaworo rẹ̀, bàtà pupa so mọ́ dígí iwájú níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ẹ̀yìn ilé àna ni a ti fá irunmú Tanvir, ìyàwó rẹ̀ sì bi í pé ta ló ń wá. Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, Mehrban ń wakọ̀, ojú rẹ̀ tutù rinrin, ó ní àlùbọ́sà Màmá ló kù sí òun lọ́wọ́. Mo ti yẹ ọkọ̀ náà wò láti imú dé ìdí kí a tó gbéra. Abẹ́rẹ́ dúró ṣinṣin, kò sí ibi tó ń jò mọ́ nínú ọkọ̀ yẹn, àyàfi awakọ̀.